Kẹ́ ẹ tó ní dátà ti tán
Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tó ń lo Ubuntu lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀, ẹ ṣí Terminal (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ `ip route`. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé "default via" ni ti ráútà yín. Ẹ tẹ `ping -c 4` pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Bí kò bá dáhùn, ẹ yẹ wáyà wò: bí eyín rọ́bà kékeré ẹnu rẹ̀ bá ti kán, á máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ fura. Ẹ ti wáyà náà wọlé títí yóò fi dún "kó".

Bí ráútà bá dáhùn, ẹ ping 1.1.1.1 (kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì) àti google.com bákan náà. Bí 1.1.1.1 bá dáhùn, àmọ́ tí google.com kọ̀, DNS, ètò tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà, ló níṣòro. Ẹ fi 1.1.1.1 sí àyè DNS ní Settings, Network, IPv4, kẹ́ ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni aago. Gbogbo ping dáhùn, síbẹ̀ Firefox ò gba ojú ìwé kankan gbọ́. Iná lọ, ó dé, bátìrì CR2032 tó ń mú aago inú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ti kú, déètì wá padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ déètì ni Firefox fi ń mọ̀ bóyá ìwé ẹ̀rí ìkànnì ṣì wúlò. Ẹ tẹ `sudo timedatectl set-ntp true` kí aago lè máa tún ara rẹ̀ ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ pààrọ̀ bátìrì náà.