Bí Mo Ṣe Sọ Eérú Sínkì Di Ajílẹ̀ Àgbàdo ní Ìbàdàn

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń dáko ní Mọ́níyà ká ewé àgbàdo mẹ́ta wá bá mi nílé, ó sì tẹ́ wọn sórí tábìlì bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Ìlà funfun gba ara ewé kọ̀ọ̀kan láti ìdí rẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kankan kò jẹ ẹ́. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó bẹ oko náà wò ti sọ fún un pé sínkì, èròjà tí irúgbìn ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ni kò tó nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, iye tí wọ́n pè é kò ṣeé gbọ́ sétí. Ó wí pé, “Ìwọ tí o ń fi kẹ́míkà jẹun, ṣé o ò lè bá wa wá nǹkan ṣe sí i?”

Ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn ni eérú tí ó kún ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò Olúyọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń ri òpó irin sínú sínkì yíyọ́ kí ó má baà dípẹtà. Sínkì inú agbada wọn a máa gbóná tó 450°C, afẹ́fẹ́ a sì máa sọ ojú rẹ̀ di èépá tí wọ́n ń hó kúrò, òun ni eérú náà. Sínkì tí iná ti jẹ ni ó pọ̀ jù nínú èépá yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wóró sínkì tí kò tíì jó, iyọ̀ amóníà tí wọ́n fi ń fọ irin, irin díẹ̀, òjé díẹ̀, àti kádímíọ̀mù, èròjà olóró kan tó jọ sínkì. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n máa kó o lọ, ó kàn béèrè ohun tí màá fi ṣe. Mo ní, “Ọ̀gá, ajílẹ̀ ni. Wóró sínkì tí mo bá rí nínú rẹ̀, tiyín ni.” Ó rẹ́rìn-ín. Kìlógíráàmù 10 ni mo kó.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo kánjú. Mo da eérú bí ó ṣe wà sínú ásíìdì súfúríìkì tí mo ti pò mọ́ omi, ló bá hó, ó kún jáde nínú ike, ó sì ṣàn dé ẹsẹ̀ tábìlì. Sínkì tí iná ti jẹ máa ń yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí iná kò tíì jẹ a máa tú háídírójìn jáde, gáàsì tí ẹ̀ta iná kékeré lè ràn. Èmi rèé, sítóòfù ń jó ní ìṣísẹ̀ márùn-ún sí mi! Mo sáré pa á kí n tó ronú ohun mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ gún eérú nínú odó irin. Èyí tí iná ti jẹ a kúnná bí èlùbọ́. Wóró sínkì kì í kúnná, ńṣe ni ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, asẹ́ gàrí a sì yà á sọ́tọ̀ kíá. Wóró tí mo rí tó kìlógíráàmù 3. Ìta gbangba ni mo ti yọ́ ọ lórí èédú nínú ìkòkò irin, nítorí pé 420°C ti tó fún un, bí iná bá sì pọ̀ jù, èéfín funfun rẹ̀ a máa dá ibà sí ènìyàn lára ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn wẹ́dà mọ ibà yìí dáadáa, wọ́n sì gbà pé mílíìkì ni oògùn rẹ̀. Lójú tèmi, kí ènìyàn yẹra fún ọ̀nà èéfín sàn ju agolo mílíìkì mẹ́wàá lọ. Ọ̀gá gba sínkì rẹ̀, ó sì jù ú padà sínú agbada lójú mi.

Mo fi omi gbígbóná fọ eérú kíkúnná náà lẹ́ẹ̀mẹta kí iyọ̀ amóníà lè kúrò, mo sì wọn kìlógíráàmù 2 sọ́tọ̀. Sínú lítà omi 8 ni mo rọra da lítà ásíìdì 1 sí (ásíìdì ni à ń dà sínú omi o, ẹni tí ó bá da omi sínú ásíìdì yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i), mo wá ń bu eérú sí i ní ṣíbí ṣíbí, mo ń rò ó, títí bébà tí a fi ń wọn ìkan fi dé 5, tí ìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí eérú díẹ̀ sì kù tí kò yọ́ mọ́. Òjé kì í fẹ́ yọ́ nínú ásíìdì súfúríìkì, ìsàlẹ̀ ike ni ó ń jókòó sí. Irin ni mo fi háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì lé jáde. Bí mo ti ń kán an sí i ni omi náà ń pọ́n, nígbà tí ó sì di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti tòrò lókè, ìpẹtà ti sùn sísàlẹ̀, bí ògì tí omidùn wà lórí rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì náà ni mo fi sẹ́ ẹ. Ìyàwó mi kò tíì dárí aṣọ yẹn jì mí.

Omi tí mo rí mọ́ gaara, ó sì wù mí kí n gbé e kaná lójú ẹsẹ̀. Kádímíọ̀mù ni kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, òun àti sínkì sì jọ ń rìn bí ìbejì ni. Bí ó bá wọ ilẹ̀, irúgbìn yóò fà á, ẹni tí ó bá jẹ irúgbìn náà ni yóò kó o sínú kíndìnrín. A kò tíì gbàgbé òjé bátìrì tí ó ba ilẹ̀ jẹ́ ní Olódó, ní Ìbàdàn yìí kan náà, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé irú rẹ̀ lọ sí oko ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́búlẹ́bú sínkì ni a fi ń lé e: sínkì a yọ́ dípò rẹ̀, kádímíọ̀mù a sì jáde bí ẹ̀gbin dúdú tó rí bí kànrìnkàn. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n fi fáìlì rin èyí tí mo ṣẹ́kù nínú sínkì tí mo yọ́, kí n má baà náwó, ṣùgbọ́n òjé ṣì wà nínú ìyẹn náà, nítorí náà mo ra èyí tí ó mọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta kẹ́míkà fún yàrá àyẹ̀wò. Mo da gíráàmù 20 sí i, mo rò ó fún wákàtí kan, mo sẹ́ ẹ, mo sì gbé igo kékeré kan lọ fún àyẹ̀wò. Èsì àkọ́kọ́ fi hàn pé ó ṣì kù. Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ kò rí kádímíọ̀mù tàbí òjé mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìpele yìí nìkan gbà mí, owó àyẹ̀wò sì ju owó ásíìdì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta irú ajílẹ̀ yìí láìṣe àyẹ̀wò, èmi kò ní rà á.

Èyí tó kù rọrùn. Abọ́ tánganran ni mo fi sè é, nítorí pé omi náà a máa jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù. Nígbà tí awọ fẹ́lẹ́ yọ lójú rẹ̀, mo gbé e síta nínú ọyẹ́ oṣù kìíní, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, abẹ́rẹ́ funfun dídán ti kún inú abọ́: sínkì súfétì nìyẹn, ajílẹ̀ tí a ń wá. Ibòji ni mo ti sá a, torí bí ó bá gbóná kọjá 39°C, omi inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Kìlógíráàmù 4.2 ni gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, a gbé e lọ sí oko. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 25 ni wọ́n ń lò fún hẹ́kítà kan. Èyí tí mo sè kò tó fún ìdajì éékà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń pò ó mọ́ ajílẹ̀ fọ́sífétì kí ó lè fọ́n wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ yà wọ́n. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á so mọ́ra, àgbàdo kò sì ní rí sínkì mu.” Ajílẹ̀ tán kí a tó dé poro méjì tó wà lẹ́bàá odò. Nígbà tí àgbàdo pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, poro méjì yẹn nìkan ni ó ní ìlà funfun, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń béèrè ìgbà tí màá se òmíràn.

Eérú kíkúnná ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí kò tíì kúrò lọ́rùn mi ni ike onídèérí kan ní ẹ̀yìn ilé, tí ẹrẹ̀ òjé àti ẹ̀gbin dúdú wà nínú rẹ̀, tí mo kọ “MÁJÈLÉ” gàdàgbà sí lára. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti kó eérú ní àwọn yóò gbé e pọ̀ mọ́ tiwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ wọn kò tíì dé.