Bí Mo Ṣe Wá Ojútùú sí Mọ́tò Ìlọta Tí Iná Rẹ̀ Ń Gbé Èèyàn

Mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta ìyá kan lẹ́bàá ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà ni wọ́n pè mí sí. Bí wọ́n bá ti tàn án, iná á máa gbé ẹni tó bá fara kan irin rẹ̀. Omi ata sì wà nílẹ̀ káàkiri. Mo ní kí wọ́n pa iná láti méènì ná.

Mo tú ìdérí àpótí kékeré tí wáyà ń gbà wọ inú mọ́tò. Ihò ibẹ̀ kò ní búṣìn, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí etí irin gé wáyà. Etí irin náà mú bí abẹ. Bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n, ó ń jẹ rọ́bà ara wáyà díẹ̀díẹ̀, títí kọ́pà fi yọ síta tó ń kan irin. Ojú ibẹ̀ ti jó dúdú.

Àwọn kan á kàn fi téèpù wé e. Mi ò fara mọ́ ọn rárá: téèpù á tú tí mọ́tò bá gbóná, etí irin á sì tún máa jẹ wáyà lọ.

Mo gé ibi tó jó kúrò, mo fi fáìlì ha etí ihò náà títí ó fi dán, mo wá ki búṣìn rọ́bà tó bá a mu gan-an bọ̀ ọ́. Èyí tó bá tóbi jù kò ní wọ ihò; èyí tó bá kéré jù á já bọ́. Mo de wáyà mọ́lẹ̀ nínú kí ó má baà máa fà, mo sì so wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, mọ́ ara mọ́tò, torí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo fi mítà wò ó láàárín wáyà iná àti irin: wọn ò kan ara wọn mọ́. A tan mọ́tò, mo fi tẹ́sítà kan ara rẹ̀, iná tẹ́sítà náà kò tàn: iná ò sí lára irin mọ́.