Bí ẹ ṣe lè yan òṣìṣẹ́ nínú ìjọ ilé yín bíi tàwọn Kristẹni àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ìpàdé àdúrà nínú ilé, téèyàn ti wá ń pọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pín oyè fẹ́nikẹ́ni. Ẹ mú káyé kan, ẹ kọ orúkọ àwọn tí nǹkan ò rọgbọ fún sí i: ìyá tí orúnkún ò jẹ́ kó lè lọ tajà l'Ouando mọ́, ọmọ tí wọ́n lé wálé torí owó ìwé, ẹni tó wà lọ́sibítù.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù náà nìyẹn, ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, àwọn èèyàn wọn wá ń kùn, làwọn àpọ́sítélì bá ní kí ìjọ wá ọkùnrin 7 tó lórúkọ rere. Ìjọ ló yàn wọ́n o! Àwọn àpọ́sítélì gbàdúrà, wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn lórí.

Torí náà, kí gbogbo yín jókòó, kí kálukú dárúkọ ẹni tó ti ń ṣèrànwọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Ẹ má yọ obìnrin sílẹ̀ o, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ pe Febe ní ìránṣẹ́ ìjọ Kenkrea, nínú Róòmù 16.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá ńkọ́? Ní Kọ́ríńtì, àwọn tó ní ti ń jẹ, wọ́n ń mu yó, àwọn tí ò ní jókòó pẹ̀lú ebi, ó sì dun Pọ́ọ̀lù gan-an. Ẹ má bu ìrẹsì kankan kí ẹni tó ń bọ̀ láti Àjàrá tó sọ̀ lórí zém.

Ní ti owó, ẹni méjì ni kó kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káyé yẹn. Justin, òǹkọ̀wé Kristẹni ayé àtijọ́ kan, kọ̀wé ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155 pé lọ́jọ́ Sunday, ẹni tó bá ní á mú ohun tó wù ú wá, olórí á fi tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, opó, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò, àwọn díákónì á sì gbé búrẹ́dì lọ fẹ́ni tí ò lè wá.

Tí wòlíì àlejò bá dé, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ìwé àtijọ́ kan wà, Didache ni wọ́n ń pè é, ó ní èyí tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó ń tọrọ owó, wòlíì èké ni. Ẹ fún un ní búrẹ́dì ọ̀nà, kó máa lọ.