Bí ẹ ṣe lè rí ẹyẹ àlejò nínú oko obì àti pápá ilé-ìwé

Láti oṣù Kẹsàn-án, bí òtútù bá ti ń wọlé sí Yúróòpù, tí kòkòrò sì ń wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹyẹ máa ń gbéra, wọ́n á fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n á sì wá bá wa gbé títí di oṣù Kẹta tàbí ìkẹrin. Oko obì tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìpẹru ni mo ti ń ṣọ́ wọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ ni pé kó mọ ẹyẹ ilé ná. Kí àlejò tó dé, ẹ fi oṣù Kẹjọ mọ ìrìn àti ohùn òpèèré, ẹ̀gà, àdàbà àti ológosẹ́ tó wà láyìíká yín. Bí etí yín bá ti mọ òpèèré dáadáa, ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò dá yín dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ wo alápàǹdẹ̀dẹ̀. Èyí tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ọ̀já dúdú tó wà láyà rẹ̀ kò sì pàdé láàárín. Ẹ̀yà tó ń ti Yúróòpù wá ní ọ̀fun tó pupa bí osùn, ọ̀já tirẹ̀ sì gba àyà já. Ti ọmọ wọn máa ń ṣá díẹ̀. Ẹ wòkè sí wáyà iná láàárọ̀ oṣù Kẹwàá, ẹ ó rí wọn níbi tí wọ́n tò sí.

Nínú oko, ẹ má wọ inú lọ jìnnà. Etí oko ni kí ẹ dúró sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, láti bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rìn lóru, nítorí náà ebi máa ń pa wọ́n láàárọ̀. Ẹ dúró lójú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹni tó ń rìn káàkiri ló ń lé ẹyẹ. Ẹ máa wo ẹ̀ka gbígbẹ tó yọ síta: ẹyẹ aláwọ̀ eérú kan wà tó máa ń jókòó ṣánṣán síbẹ̀, yóò fò jáde, yóò gbá kòkòrò mú nínú afẹ́fẹ́, yóò sì padà sórí ẹ̀ka yẹn gan-an. Spotted flycatcher ni ìwé ẹyẹ ń pè é. Láàárín ewé lókè ni willow warbler wà, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ, síbẹ̀ ó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ gba Sàhárà kọjá. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí ọmọdé tó ń fi kànnàkànnà lé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń gbé ìgboro Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kò ní láti lọ sóko. Ẹ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé láàárọ̀ Sátidé, ẹ kí ọlọ́dẹ, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Yellow wagtail máa ń sáré lórí koríko kúkúrú níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìrù rẹ̀ kì í sinmi.

Igbó ọba Omo, tí a mọ̀ sí J4, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tó ń dáàbò bò láti 1977, yàtọ̀. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onígbó ìjọba, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ọ̀nà dání.

Bainọ́kúlà máa ń kó ìfura bá ènìyàn, pàápàá níbi tí ìjà ilẹ̀ bá wà. Ẹ yà kí baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ kí ẹ tó gbé e sójú, ẹ sì béèrè bóyá Orò ń lọ lọ́jọ́ náà, nítorí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde nígbà náà. Ẹ wọ bàtà gíga nítorí ejò àti ìjàlọ, kí ẹ sì kúrò lóko kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìgbà yẹn ni ọdẹ ń wọ igbó.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ tó ń kọ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń gba àkọsílẹ̀ láti orí fóònù pẹ̀lú áàpù tó ń jẹ́ BirdLasser. Wákàtí méjì ó kéré tán ni wọ́n ń fẹ́ nínú agbègbè kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú lóròó, ẹ ó sì to àwọn ẹyẹ náà bí ẹ ṣe ń rí wọn tẹ̀léra. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, Sátidé kejì oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ ẹyẹ arìnrìn-àjò lágbàáyé.