Bí A Ṣe Lè Fi Ìlànà Eré Ìdíje Mú Kí Iṣẹ́ Yá ní Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Kí ẹ tó gbé pátákó máàkì kalẹ̀, ìyẹn pátákó tí ẹ ó máa kọ máàkì tí òṣìṣẹ́ bá gbà lẹ́nu iṣẹ́ sí bíi ti eré ìdíje, ẹ kọ́kọ́ yan ohun tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè yí padà, gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tó jáde láìlábùkù. Iye ọjà nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tó ń sáré lé máàkì yóò fojú fo àbùkù. Ẹ jẹ́ kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa bá àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá díje, dípò kí ẹ máa to orúkọ ènìyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ẹni tó bá ń wà nísàlẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ sọ ìrètí nù. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí pé kò sí ìjàǹbá, kí wọ́n má baà máa fi ọgbẹ́ pamọ́. Ẹni tó bá tètè ròyìn ewu ni kí ẹ fún.