Kọ̀ńténà Mẹ́ta, Nọ́ńbà Kan

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní èbúté, ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to rélùwéè orí tábìlì mi tán ni, wáágọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ mẹ́ta, kọ̀ńténà búlúù kọ̀ọ̀kan lórí wọn, gbogbo wọn ń dán bíi bàtà ọdún. Mo tan iná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé kọ̀ńténà kan náà ló ń kọjá lẹ́ẹ̀mẹta ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára látìgbà tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Àlòkù ni mo rà wọ́n, nínú páálí kan, pẹ̀lú ẹ̀kẹrin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́. Mi ò kíyè sí nọ́ńbà kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn, ojú mi ò rí nǹkan mìíràn mọ́.

Mo pinnu pé bí mo bá máa fọwọ́ kàn wọ́n, kí n kúkú ṣe é dójú àmì. Méjì á wà ní gígùn tí wọ́n wà, ẹ̀kẹta ni n ó gé kí ó di ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 méjì. Ìwọ̀n HO, ọ̀kan lára ìwọ̀n rélùwéè kékeré, ni tèmi, ìyẹn 1:87: ohun gidi fi ìlọ́po 87 tóbi ju tèmi lọ. Kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 gidi gùn ní mítà 12.192, tí ẹ bá fi 87 pín in, ó di mìlímítà 140. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 kì í ṣe ìdajì rẹ̀ gẹ́lẹ́ o. Mítà 6.058 ni, torí wọ́n fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 7.6 sílẹ̀ kí méjì lè jókòó sí àyè ẹyọ kan láìgbún ara wọn. Lórí tábìlì mi, àlàfo yẹn kò tó mìlímítà kan, ẹnu ayùn àti sáńpépà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iye yẹn gan-an. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo yan èyí tí kò ga. Àwọn tí wọ́n ń pè ní high cube ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ààbọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 tó ga tó bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Mo lẹ téèpù yí i ká kí n lè rí ojú ìlà, mo sì rọra fi ayùn eléyín wẹ́wẹ́ fà á. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Pílásítíìkì tí ẹ bá fi agbára gé máa ń gbóná, á yọ́, á sì tún di ẹnu ayùn mú.

Ìgbà tí mo gé e tán ni mo rí i pé orí ò pé. Ìdí kọ̀ńténà ló ní ilẹ̀kùn, iwájú rẹ̀ di gbọn-in. Tí ẹ bá là á sí méjì, ọ̀kan á ní ilẹ̀kùn láìní iwájú, èkejì á ní iwájú láìní ilẹ̀kùn. Ibí yìí ni ẹ̀kẹrin tó fọ́ ti ṣe mí lóore. Mo gé ilẹ̀kùn àti iwájú rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ àwọn òpó igun wọn, mo ha ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kúrò lára àwọn tí mo gé kí gígùn wọn má bàa lé, mo tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, mo sì ń fi etí wọn yí orí rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Gáámù tó ń yọ́ pílásítíìkì ni mo fi lẹ̀ wọ́n. Mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀dà ni mo ti kọsẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ́, mo kàn fi aṣọ nù wọ́n, mo sì fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí wọn. Ó jókòó dáadáa. Mo kùn wọ́n, mo lẹ téèpù kí n lè kun ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, mo ṣí téèpù, ọ̀dà bá téèpù lọ láti òkè délẹ̀ bí awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òróró ọwọ́ ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ àti tèmi ló wà níbẹ̀. Mo rì gbogbo rẹ̀ sínú isopropyl alcohol, ìyẹn ọtí ìfọ-nǹkan tí a kì í mu, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbó wọn. Ọ̀dà tuntun ṣí, púpọ̀ nínú búlúù àtijọ́ náà sì bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní abẹ́ kọ̀ńténà, níbi tí ojú ò tó, torí kì í ṣe gbogbo pílásítíìkì ló gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo wẹ̀ wọ́n, mo sì ń fi ìbọ̀wọ́ gbé wọn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní sùúrù. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ńténà ní kòtò àti gegele, ọ̀dà tí ẹ bá sì fọ́n ní ọ̀kánkán kì í dé ẹ̀gbẹ́ kòtò. Mo kọ́kọ́ dagun láti ọ̀tún, mo dagun láti òsì, kí n tó fọ́n ọ̀kánkán. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n kí n tó dé ara rẹ̀, mo sì máa ń kọjá rẹ̀ kí n tó dáwọ́ dúró, kí ó má bàa ṣàn ní igun. Ìbòmú wà nímú mi, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ọ̀kan di pupa rúsúrúsú, ọ̀kan di àwọ̀ ewé, àwọn kékeré méjì di eérú. Mo po funfun díẹ̀ mọ́ gbogbo wọn, nítorí àwọ̀ tó bá kọ̀ńténà gidi mu máa ń ṣú jù lára ohun tí kò gùn ju ọ̀pá ìkọ̀wé lọ.

Wáágọ́ọ̀nù kò gba àkókò: mo yọ ẹsẹ̀ wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo kùn wọ́n ní dúdú tó ti ṣá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà kan ojú ẹsẹ̀ tó ń fara kan irin, tàbí ẹnu ọ̀pá tó ń yí nínú ihò.

Ó wá ku nọ́ńbà. Mo ti fẹ́ kàn mú nọ́ńbà mẹ́rin kan láti orí mi, ni ẹ̀gbọ́n mi bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èyí tó gbẹ̀yìn, tó máa ń wà nínú àpótí kékeré, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ń yàn: ìṣirò ló ń bí i. Lẹ́tà mẹ́rin ló ṣáájú, mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ẹni tó ni ín, ìkẹrin U. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́fà. Lẹ́tà A jẹ́ 10, B jẹ́ 12, a ń kà á lọ títí dé Z tó jẹ́ 38, ṣùgbọ́n a máa ń fo 11, 22 àti 33. Ẹ ó fi 1 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ ó fi 2 sọ èkejì, 4 sọ ẹ̀kẹta, 8, 16, bẹ́ẹ̀ títí dé 512. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 11 pín in, ohun tó ṣẹ́kù ni nọ́ńbà inú àpótí. Tó bá ṣẹ́kù 10, ẹ kọ 0.

Mo fi CSQU 305438 tí àwọn èèyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ gbìyànjú. Àròpọ̀ jẹ́ 6185. 11 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gọ́tà-dín-ní-ẹgbẹ̀ta, rárá o, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ ìṣirò sọ ọ́: 562, ó ṣẹ́ku 3. CSQU 305439 ńkọ́? 9. 305440? 2. Mo jókòó ti èyí títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì rántí ọ̀dà mọ́.

Mo fọ́n fánííṣì dídán sí wọn kí n tó lẹ decal, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tínrín tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tí a ń fi omi lẹ̀. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sójú ọ̀dà tó ṣá, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa tàn bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀mú ni mo fi ń gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, omi lábẹ́ rẹ̀ kí ó lè yọ̀, lẹ́yìn náà oògùn tó ń mú un rọ̀ wọ inú kòtò. Ó máa ń hunjọ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án, á tẹ́jú fúnra rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan; ìdí tí àwọ̀ ewé fi ní decal méjì lórí ara wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn fánííṣì tí kì í dán ni mo wá sọ wọ́n di arúgbó. Mo fi fóòmù tó ya tọ àwọ̀ ilẹ̀ pupa pẹ́pẹ́pẹ́ sí etí ilẹ̀kùn àti igun ìsàlẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín fa ìpẹtà láti òkè wá sísàlẹ̀, ibi tí òjò ń gbà. Lára wáágọ́ọ̀nù, eruku irin tí bíréèkì ń dà sílẹ̀ ló pọ̀ jù, nítorí náà àwọ̀ kọfí ni mo fi ṣe abẹ́ wọn. Ojú kan péré ni ìpẹtà gidi wà lára kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan. Tó bá kún gbogbo ara, pàǹtírí ló máa jọ.

Wọ́n ṣì fúyẹ́ jù, wọ́n ń bọ́ lójú irin ní ìkọ́rọ́. Ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, fún HO ni gíráàmù 28, pẹ̀lú 14 fún íǹṣì gígùn kọ̀ọ̀kan. Mo lẹ àwọn nọ́ọ̀tì irin sí ilẹ̀ inú kọ̀ńténà títí wáágọ́ọ̀nù mi tó gùn ní íǹṣì 6 fi wọn 112.

Mo ké sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dúró sẹ́bàá tábìlì, wọn ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kàn ń wò ó láti òkè bí ó ṣe ń yí ká. Wọ́n ní, "Ó dára o. Nọ́ńbà orí òrùlé ńkọ́?"

Decal ṣì kù nínú páálí. Mo pa iná, mo sì tún gbé wọn sọ̀ kalẹ̀.