Bí Mo Ṣe Fi Táyà Tí Ẹ̀gún Kì Í Tètè Gún Sí Kẹ̀kẹ́ Mi

Fún kẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́, oríṣi táyà méjì ni mo gbé yẹ̀ wò. Ọ̀kan kò lo afẹ́fẹ́ rárá. Fóòmù líle ni látòkè délẹ̀. Ìkejì ṣì ń lo tíúbù, àmọ́ wọ́n tẹ́ rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ojú rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ò lè jò láéláé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí afẹ́fẹ́ tí èèyàn máa dín kù tí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun, sípóòkù àti rììmù ló ń jẹ gbogbo ìyà náà, ó sì ń wúwo láti wà. Mo mú ìkejì: Schwalbe Marathon Plus, tí rọ́bà abẹ́ ojú rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 5. Ẹ̀gún kéékèèké àti àfọ́kù ìgò kì í sábà gùn débi tíúbù.

Mo kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà àtijọ́: 37-622. 37 ni fífẹ̀ rẹ̀, 622 ni ìdábùú ibi tó ti jókòó lórí rììmù, ní mìlímítà. 622 yẹn gbọ́dọ̀ bára mu rẹ́gí. Fífẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, tí fọ́ọ̀kì àti bíréèkì bá gbà á.

Mo tú táyà àtijọ́, mo rí i pé téèpù inú rììmù bo gbogbo ihò sípóòkù, mo sì kọjú ọfà ara táyà tuntun síbi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ. Mo ti etí táyà kan wọ inú rììmù, mo fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí tíúbù kó má bàa lọ́, mo sì tẹ́ ẹ sínú.

Etí kejì niṣẹ́ wà, torí táyà yìí le gan-an. Apá tó kọjú sí fáàfù, ìyẹn ẹnu tíúbù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a bọ̀ lọ́tùn-ún lósì títí dé ìdí fáàfù. Àárín rììmù jìn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ; bí etí táyà bá bọ́ sínú kòtò yẹn yíká, yóò dẹ̀. Ẹni tó bá parí rẹ̀ síbòmíràn, ìdí fáàfù ò ní jẹ́ kó bọ́ síbẹ̀. Mo fi okùn so ibi tó ti wọlé mọ́ rììmù, mo fi omi ọṣẹ pa èyí tó kù, àtàǹpàkò ni mo sì fi tì í. Sukurudíráfà kọ́, ó máa ń fún tíúbù já.

Lẹ́yìn náà, mo ti fáàfù sókè díẹ̀, mo fà á padà, kí tíúbù má bàa há sábẹ́ etí. Bí mo ṣe ń pọ́ǹpù, mo ń wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí rììmù bákan náà yíká.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára táyà. Mo máa ń fún ti ẹ̀yìn ní púpọ̀ ju ti iwájú lọ, nítorí òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo wa. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, òkúta àti etí rììmù á fún tíúbù pọ̀, á sì lu ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Rọ́bà abẹ́ ojú ò lè dá ìyẹn dúró. Mo máa ń fi gẹ́ẹ̀jì wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń yọ àfọ́kù tó bá lẹ̀ mọ́ ojú táyà kó tó wọlé jinlẹ̀.